Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì Lẹ́yìn Iṣẹ́ Mìíràn: Fún Àgbàlagbà Tó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ láti Ìyìn-Èkìtì

Ẹ mú ìwé kan àti bírò. Ẹ kọ ọjọ́ orí yín sókè, ẹ fàlà sábẹ́ rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù, kẹ́ ẹ tó sọ fún ará ilé pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ìṣirò yìí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, torí òun ló máa sọ ẹnu ọ̀nà tó yẹ kẹ́ ẹ kàn.

Ká ní tíṣà ni yín ní Ìyìn, ẹ sì jẹ́ ẹni ọdún 36. Ọdún kan á bá GCE àti JAMB lọ. Ẹ ó wọlé ní 37. Bó bá jẹ́ yunifásítì lẹ wọ̀, ọdún 5 ni dìgírì nọ́ọ̀sì (BNSc), ẹ ó jáde ní 42, ìyẹn bí àwọn olùkọ́ fásitì kò bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ sì mọ̀ wọ́n. Ọdún kan tún wà fún ìntáǹṣípù. Nígbà tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó oṣù nọ́ọ̀sì gidi, ẹ ti pé 43. Ká fi 60 ṣe ọjọ́ orí ìfẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ọdún 17 ló kù fún yín nìyẹn, ọdún tó tó kọ́ ilé, tó tó tọ́ ọmọ jáde ilé ẹ̀kọ́.

Ẹ wá ṣe irú ìṣirò yẹn fún ẹni ọdún 45. Ẹni 52 ni yóò jẹ́ nígbà tó bá parí ìntáǹṣípù. Ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni pé ẹni tí wọ́n bá fẹ́ gbà síṣẹ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ kò gbọdọ̀ ju 50 lọ. Ẹni 45 lè di nọ́ọ̀sì o, kò sẹ́ni tó ní kò lè dì í. Àmọ́ ọsibítù aládàáni, ọsibítù ìjọ àti ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni yóò máa wò, kì í ṣe ọsibítù ìjọba, àfi bó bá jẹ́ pé ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tẹ́lẹ̀ tó sì gbàyè láti lọ kẹ́kọ̀ọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fi ìbínú kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ béèrè fún ìsinmi ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ èyí tí kò lówó nínú. Ẹni tó wà nínú ilé tẹ́lẹ̀ kì í kan ilẹ̀kùn bí àlejò.

Ẹni tó bá ń bẹ̀rù pé irú èyí kò ṣẹlẹ̀ rí, kó ka ìtàn Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt. Ọmọ Èkó ni. Láti kékeré ló ti fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, bàbá rẹ̀ kò gbà, ló bá lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìbàdàn, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn obìnrin ti CMS l'Ékòó. Ó lọ́kọ ní 1941. Ní 1946 ló tó wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní St Thomas' Hospital ní Lọ́ńdọ̀nù, ó ti kọjá ẹni ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, ó ti di ìyàwó ilé. Ọ̀pọ̀ ló kà á sí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lábẹ́ NHS ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó padà wálé sí ọsibítù UCH ní Ìbàdàn, òun sì ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá àgbà fún gbogbo nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale ní 1973, ó sì ṣe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọdún tó fi kọ́ni kò ṣòfò. Ẹni tó bá ti dúró níwájú ọgbọ̀n ọmọ tó ń pariwo rí, wọ́ọ̀dù kò ní dẹ́rù bà á.

Kẹ́mísírì tẹ́ ẹ sá fún nígbà yẹn

Ẹ̀kọ́ márùn-ún ni gbogbo ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè ní ipele kírédíìtì: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì, kò sì gbọdọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Ẹ̀rí WAEC kì í bàjẹ́ bó ti wù kó pẹ́ tó. Èyí tẹ́ ẹ gbà ní ogún ọdún sẹ́yìn ṣì wúlò, ẹ kàn lọ yọ ọ́ jáde nínú àpótí.

Ohun tó máa ń dí àwọn àgbàlagbà lọ́nà ni pé kíláàsì àwọn oníwèé ìtàn àti gọ́fúmẹ́ǹtì ni wọ́n jókòó sí nígbà yẹn. Gẹ̀ẹ́sì wà, ìṣirò wà, báyọ́lọ́jì náà lè wà, torí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ ẹ̀ka yẹn ló ṣe báyọ́lọ́jì. Físíìsì àti kẹ́mísírì ni kò sí. Bó bá jẹ́ méjì péré ló kù, ẹ má tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún GCE ti WAEC tàbí NECO, ẹ mú méjèèjì yẹn, kẹ́ ẹ sì fi ìjókòó kejì yìí kún ti àtijọ́. Bí Gẹ̀ẹ́sì tàbí ìṣirò bá wà nínú èyí tẹ́ ẹ fìdí rẹmi, ẹ fi í kún un, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé kò sí ìjókòó kẹta. Ẹni tó bá ti lo méjì tẹ́lẹ̀ tí kò sì pé, àfi kó jókòó tuntun kan tí yóò gbé gbogbo márààrún, tàbí tí yóò bá ọ̀kan nínú ti àtijọ́ mu.

Ẹ̀rù àwọn ìdánwò àfọwọ́ṣe máa ń ba èèyàn: ta ni yóò gbà yín wọ yàrá kẹ́mísírì ní ọjọ́ orí yìí? Ẹ farabalẹ̀. Àwọn tó ń jókòó láti ìta ní ìwé tiwọn, èyí tí wọ́n fi rọ́pò iṣẹ́ yàrá náà. Wọ́n á ya ìgò àti àwọ̀ omi sórí bébà, ẹ̀yin á kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ẹni tí kò bá tíì rí ìgò bùrẹ́ẹ̀tì lójú rí yóò ṣì í. Torí náà ẹ bẹ tíṣà kẹ́mísírì kan ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà nítòsí yín pé kó jẹ́ kẹ́ ẹ dúró sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ lọ́sàn-án kan. Èkìtì ni ibí yìí. Tíṣà pọ̀ ju igi lọ, ẹ kò ní wá ẹni tí yóò kọ́ yín tì.

Ti JAMB ni Gẹ̀ẹ́sì, báyọ́lọ́jì, kẹ́mísírì àti físíìsì. Lórí kọ̀ǹpútà ni, wákàtí méjì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ máòsì í mú, kó lọ fi kọ̀ǹpútà dánra wò ní ìlú kan náà tí yóò ti ṣèdánwò, kó tó di ọjọ́ náà. Àwọn yunifásítì kan máa ń gba ẹni tó ti ní dìgírì àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wọlé sí ipele kejì, láìṣe ìdánwò JAMB. Bẹ́ ẹ bá ní dìgírì báyọ́lọ́jì tàbí máíkírọ̀, ẹ béèrè nípa èyí kẹ́ ẹ tó ra fọ́ọ̀mù ìdánwò JAMB.

Èèyàn kan, orúkọ mẹ́ta

Èyí ló ń dá àgbàlagbà dúró ju kẹ́mísírì lọ, ó sì jọ ohun kékeré létí. Orúkọ bàbá yín ló wà lórí WAEC. Orúkọ ọkọ yín ló wà lórí NIN, torí ìgbà tẹ́ ẹ ti lọ́kọ lẹ ṣe é. Orí ìwé ìgbéyàwó, wọ́n kọ orúkọ ìjọ yín ṣáájú, wọ́n sì pa lẹ́tà kan jẹ nínú orúkọ àmútọ̀runwá. Láti inú NIN ni JAMB ti ń fa orúkọ. Ohun tó bá sì wà lọ́wọ́ JAMB ni ilé ẹ̀kọ́ yóò gbà, òun náà ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso nọ́ọ̀sì ní Àbújá, òun ni yóò wà lórí láísẹ́ǹsì yín títí ẹ ó fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí kò bá tètè tún un ṣe yóò máa búra ní kóòtù lọ́dọọdún.

Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé yín sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì: WAEC, NECO, NIN, ìwé ìbí, ìwé ìgbéyàwó, sátífíkéètì NYSC bó bá wà. Ẹ ka orúkọ orí ọ̀kọ̀ọ̀kan sókè, lẹ́tà lẹ́tà. Ẹ yan orúkọ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ kú pẹ̀lú. Bó bá jẹ́ ti ọkọ, ìwé ìgbéyàwó, àkọsílẹ̀ ìbúra láti kóòtù àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn ni yóò so ó mọ́ ti WAEC, ẹ tọ́jú ojúewé ìròyìn náà gan-an, ẹ má kàn ya fọ́tò rẹ̀. Bó bá jẹ́ ti bàbá, ẹ lọ tún NIN ṣe. Èmi fẹ́ràn kéèyàn jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ bá ti WAEC mu, torí WAEC ló le jù lọ láti yí padà. Àwọn ọkọ kan kì í fẹ́ gbọ́ èyí. Ẹ jókòó sọ̀rọ̀ lálẹ́, kí àwọn ọmọ ti sùn.

Ọjọ́ ìbí náà ńkọ́? Bí ti NIN bá yàtọ̀ sí ti WAEC, ìwé ẹ̀rí láti ọ̀dọ̀ àjọ tó ń ka iye èèyàn orílẹ̀-èdè ni wọn yóò béèrè kí wọ́n tó tún un ṣe, iṣẹ́ oṣù ni, kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ẹnìkan sì máa wá bá yín létí, pàápàá lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ṣe ìṣirò ọdún ìfẹ̀yìntì, pé kẹ́ ẹ kúkú gé ọdún márùn-ún kúrò. Ẹ má gbà. Ìwé tó wà lọ́wọ́ ìjọba báyìí ń bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Àwọn ẹnu ọ̀nà tó wà ní Adó àti agbègbè rẹ̀

Àǹfààní tí Ìyìn ní ni pé Adó kò jìnnà, ọ̀pọ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́ láti ṣe káràkátà àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà ní Adó, ọsibítù ìkọ́ni EKSUTH náà wà níbẹ̀ ní Adébáyọ̀. EKSU, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ń kọ́ni ní BNSc. ABUAD, tí Olóyè Afẹ́ Babalọlá dá sílẹ̀ ní 2009, náà ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ti aládàáni ni, owó rẹ̀ kì í ṣe ti owó oṣù tíṣà. Ọsibítù ìkọ́ni ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó-Èkìtì. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì àtijọ́ ti ń di kọ́lẹ́ẹ̀jì báyìí, wọ́n ń fúnni ní ND lẹ́yìn náà HND, ọdún mẹ́rin lápapọ̀. Fún ẹni tó ti lé lógójì, ọ̀nà yìí ni mo máa ń tọ́ka sí ṣáájú yunifásítì. Ó dín ọdún kan kù, ọwọ́ ibẹ̀ sì tètè ń dán lórí iṣẹ́.

Ẹ béèrè ohun kan kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀: ṣé ìgbìmọ̀ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ti orílẹ̀-èdè ti fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yìí lọ́dún yìí, akẹ́kọ̀ọ́ mélòó ni wọ́n fún un láṣẹ láti gbà, mélòó ni wọ́n sì ti gbà? Ìgbìmọ̀ náà ń fún ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ní iye kan. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wà nínú iye yẹn ni wọ́n máa fún ní nọ́ńbà ìndẹ́ẹ̀sì. Ẹni tí kò bá ní ìndẹ́ẹ̀sì kò lè jókòó fún ìdánwò ìgbìmọ̀, bó ti wù kí máàkì rẹ̀ nínú kíláàsì dára tó. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan a máa gba èèyàn ju iye lọ, tó bá di àárín ọdún, wọ́n á ní kí àwọn tó ṣẹ́kù lọ ka ẹ̀kọ́ mìíràn. Ọmọ ọdún 18 lè fara da ìyẹn, ó ṣì ní ọdún lọ́wọ́. Ẹ̀yin kò ní.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi NOUN tàn yín. Ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tó forúkọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kó lè fi gba dìgírì.

Ẹnu ọ̀nà kan tún wà tí ó tóbi jù, tí ẹ kò gbọdọ̀ gbà. Àwọn kílíníìkì kan máa ń gba obìnrin àgbàlagbà, wọ́n á ní kó wá kọ́ auxiliary fún ọdún kan àbọ̀ tàbí méjì, wọ́n á rán aṣọ funfun fún un, wọ́n á kọ́ ọ ní abẹ́rẹ́ gígún, wọ́n á gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á fún un níṣẹ́ ní owó táṣẹ́rẹ́. Àwọn aládùúgbò á máa pè é ní nọ́ọ̀sì. Kò sí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìgbìmọ̀, òfin sì ka pípe ara ẹni ní nọ́ọ̀sì láìforúkọsílẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ju ti òfin lọ: ọjọ́ tí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ rẹ̀, dókítà tó ni kílíníìkì á ní òun kò rán an. Mo mọ àwọn tó ti lo ọdún mẹ́wàá nínú rẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ lọ́wọ́, wọn kò sì lè gbé e lọ síbikíbi. Bẹ́ ẹ bá kàn fẹ́ iṣẹ́ ìlera tí kò gùn, ẹ lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera ní Ìjerò-Èkìtì, ẹ kọ́ iṣẹ́ òṣìṣẹ́ ìlera ìgbèríko (CHEW) fún ọdún mẹ́ta. Ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, ó ní láísẹ́ǹsì tirẹ̀, sẹ́ńtà ìlera abúlé ni ibi iṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ gidi ni.

Owó, ọmọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù

Ẹ béèrè fún àkọsílẹ̀ gbogbo owó lórí ìwé, kì í ṣe owó ilé ẹ̀kọ́ nìkan: owó ìgbàwọlé, họ́sítẹ́ẹ̀lì, yunifọ́ọ̀mù, ìwé, ìndẹ́ẹ̀sì, owó ìdánwò ìgbìmọ̀. Owó ìkẹyìn yìí máa ń já lu èèyàn ní ọdún tó kẹ́yìn, nígbà tí àpò ti gbẹ.

Ẹni tó bá jẹ gbèsè lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, kó san án tán kó tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí owó oṣù yín bá dúró, àwọn tó ṣe onídùúró fún yín ni wọn yóò máa yọ ọ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ó sì máa pàdé wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi. Owó ẹ̀yáwó NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2024 wà fún akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba. Wọ́n ń san owó ilé ẹ̀kọ́ tààrà fún ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ₦20,000 lóṣù fún oúnjẹ. Kò lélé lórí, ṣùgbọ́n gbèsè ni.

Ní ti ilé, ẹ má ṣe rò pé torí Adó kò jìnnà, ẹ ó máa ti Ìyìn lọ tí ẹ ó máa bọ̀. Kíláàsì lè gbà bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ òru kò gbà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan kì í tiẹ̀ gbà kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ìta. Ẹ béèrè èyí, kẹ́ ẹ sì béèrè òfin wọn nípa oyún àti ìsinmi ìbímọ. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ó sàn kẹ́ ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn ṣáájú ju kẹ́ ẹ kà á lára pátákó lọ́dún kejì. Ọmọ tó kéré á nílò ìyá àgbà tàbí àbúrò tí yóò wá gbé ilé fún ọdún bíi mẹ́ta, ẹ kò sì gbọdọ̀ pè é ní ìrànlọ́wọ́ lásán. Ẹ dá iye kan, ẹ máa san án fún un lóṣooṣù, kódà bó bá jẹ́ ìyá yín náà ni.

Bí ọ̀wọ̀ ṣe lè ba ẹ̀kọ́ yín jẹ́

Ọjọ́ kìíní ní wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ẹni ọdún 24 kan ni yóò jẹ́ ọ̀gá yín. Gbogbo èèyàn ló ń kìlọ̀ fún àgbàlagbà pé àwọn ọmọdé á máa rí wọn fín. Ó máa ń ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ewu tó pọ̀ jù ní ilẹ̀ Èkìtì ni òdìkejì rẹ̀: wọ́n á bọ̀wọ̀ fún yín jù.

Ẹ wo bó ṣe ń lọ. Àwọn ọmọ kíláàsì ti sọ yín ní Mọ́mì láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì kékeré yẹn náà á ní, “Mọ́mì, ẹ fi í sílẹ̀, èmi á gbé e,” á sì gba bẹ́dípáànù lọ́wọ́ yín. Bó bá kan fífi kátẹ́tà sí aláìsàn, á pe ọmọ ọdún 20 tó dúró tì yín pé kó wá ṣe é, torí ojú ń tì í láti máa wo ọwọ́ ìyá òun bó ṣe ń gbọ̀n. Bẹ́ ẹ bá wọn BP ṣì, á fi ọgbọ́n tún un wọn lẹ́yìn yín, kò ní sọ. Ẹ ó ti wọ́ọ̀dù kan dé òmíràn, gbogbo èèyàn á fẹ́ràn yín, ọdún á sì pé, ọwọ́ yín kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe níwájú àwọn olùdánwò tó ti ibòmíràn wá, wọn kò mọ̀ yín ní Mọ́mì.

Ẹ tètè gé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ tó wọ apọ́rọ̀n, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tó ni ìpín iṣẹ́ yẹn, ẹ pè é ní Sísítà, ẹ fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀, ẹ ní, “Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ọjọ́ orí mi. Bí mo bá ṣì í, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ fún mi.” Ẹ sọ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀kan péré, ẹ má sọ ọ́ di eré. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé bẹ́dípáànù kí wọ́n tó rán yín. Ẹ máa béèrè pé kí wọ́n wo ọwọ́ yín. Ní ìta ọsibítù, bẹ́ ẹ bá pàdé rẹ̀ ní ọjà Ọba tó sì kúnlẹ̀ kí yín, ẹ gbà á, ẹ ṣàdúrà fún un. Nínú wọ́ọ̀dù, òun ni ọ̀gá.

Àwọn aláìsàn náà á dà yín láàmú lọ́nà tiwọn. Ìyá arúgbó láti Ìlawẹ̀ tàbí Ìgèdè á wo gbogbo wọ́ọ̀dù, á rí i pé ẹ̀yin lẹ dàgbà jù, á sì pinnu pé ẹ̀yin ni mátírọ́ọ̀nù. Ọ̀dọ̀ yín ni yóò ti béèrè bóyá iṣẹ́ abẹ náà yóò yọrí sí rere, ẹ̀yin ni ọmọ rẹ̀ yóò fa sí kọ̀rọ̀ láti béèrè iye owó. Ẹ dáhùn pé akẹ́kọ̀ọ́ ni yín, ẹ lọ pe Sísítà. Ṣùgbọ́n èdè Èkìtì tẹ́ ẹ gbọ́ dáadáa yẹn, ẹ lò ó. Àwọn ọmọ tó ti Èkó wá kò mọ ohun tí ìyá yìí ń sọ nígbà tó ń ṣàlàyé ibi tó ń dùn ún, ẹ̀yin mọ̀ ọ́n.

Ohun kan wà tí ẹ fi lè ṣáájú àwọn ọmọ kíláàsì yín láti ìbẹ̀rẹ̀, ìṣirò dírípù ni. Ẹ wo ara ọ̀rá tí okùn dírípù bá wá, wọ́n kọ iye ẹ̀kán tó wà nínú mílílítà kan síbẹ̀, ó sábà máa ń jẹ́ 20. Bí dókítà bá kọ ọ́ pé kí lítà kan wọ ara aláìsàn ní wákàtí 8, lítà kan jẹ́ mílílítà 1,000, tó jẹ́ ẹ̀kán 20,000. Wákàtí 8 jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ pín 20,000 sí 480, ẹ ó rí 41 àti díẹ̀, a ó pè é ní 42. Ẹ wá gbé aago ọwọ́ yín sókè sí ẹ̀gbẹ́ yàrá kékeré tí omi ti ń kán, ẹ ka ẹ̀kán láàárín ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ máa yí kẹ̀kẹ́ orí okùn náà díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi jẹ́ 21. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan ẹ padà wá kà á, torí aláìsàn máa ń ká ọwọ́ kò, omi á sì yára tàbí kó falẹ̀. Tíṣà tó ti fi ìdá kọ́ àwọn ọmọ, tàbí ìyá tó ti ń pín owó gàrí sí orí èèyàn márùn-ún lọ́jà, kò ní wá ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù kó tó ṣe èyí.

Ara yín náà ńkọ́? Ẹ ra awò kíkàwé tó dára, torí ìlà ara sírínjì kò ní fẹ̀ nítorí yín. Ẹ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B kẹ́ ẹ tó wọ wọ́ọ̀dù, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni, èyí tó kẹ́yìn máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ́dún tẹ́ ẹ ń ṣe GCE. Ẹ má dá aláìsàn gbé. Ẹ̀yìn tó bá yẹ̀ ní 41 kì í padà bọ̀ sípò bíi ti 21.

Lẹ́yìn ìdánwò ìgbìmọ̀

Ẹni tó bá ti lé ní 30 nígbà tó jáde kò ní lọ sìnrúùlú. NYSC á fún un ní ìwé ìyọ̀ǹda, ó sì gbọ́dọ̀ gbà á, torí ibi iṣẹ́ máa ń béèrè rẹ̀. Ẹni tó ti sìnrúùlú pẹ̀lú dìgírì àkọ́kọ́ ti parí tirẹ̀. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún láísẹ́ǹsì gbà, ẹ̀kọ́ kúkúrú tí ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí ni ẹ ó fi gbà á.

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ tó ka ibí yìí ti ń wo ìlú òyìnbó. Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ mọ bó ṣe rí. Láti oṣù kẹta 2024 ni ìgbìmọ̀ ti ní kí nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní Nàìjíríà lẹ́yìn láísẹ́ǹsì gidi kó tó jẹ́ kí wọ́n fìdí ìwé rẹ̀ múlẹ̀ fún ilẹ̀ òkèèrè, àwọn nọ́ọ̀sì sì fẹ̀hónú hàn ní Àbújá nítorí rẹ̀. Fún ẹni 43 inú àpẹẹrẹ wa, ìyẹn gbé e dé 45. Nàìjíríà wà lára orílẹ̀-èdè tí àjọ ìlera àgbáyé ní kí wọ́n má lọ máa kó nọ́ọ̀sì ibẹ̀, nítorí náà ọsibítù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní wá bá yín nílé, ẹ̀yin ni ẹ ó fúnra yín kọ̀wé sí wọn. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì wà, ìdánwò kọ̀ǹpútà wà tí ẹ lè ṣe níhìn-ín, àfọwọ́ṣe OSCE sì di ọ̀hún. Kò sí ẹni tí yóò béèrè ọjọ́ orí yín níbẹ̀.

Ọ̀nà físà alágbàtọ́jú tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá gbà lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀ ti dí fún ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè láti ọjọ́ 22 oṣù keje 2025. Ẹni tó bá ti wà níbẹ̀, tó ti ní ìwé ìgbélùú, tó ń tọ́jú arúgbó lóru ní Peckham tàbí Manchester, ọ̀nà tirẹ̀ yàtọ̀. Ẹ sọ fún un kó máa wo dìgírì nọ́ọ̀sì ọdún mẹ́ta ní yunifásítì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó bá yẹ fún un ń gba £5,000 lọ́dún tí kò ní dá padà, ọdún tó sì ti fi nu ìdí arúgbó á wúlò fún un nígbà tí wọ́n bá pè é wá dáhùn ìbéèrè ìgbàwọlé.